Ohùn Kejì Nínú Fídíò Màmá Àgbà

“Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yẹn, èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù nínú ilé yìí!”

Injinnia ló ké bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ara ògiri pálọ̀, ó di wáyà kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ń fi ọwọ́ òsì pe Rọra pé kó wá wo ojú ihò tó yẹ kí wáyà náà wọ̀. Rọra rìn lọ síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó tẹ orí wò ó, ó fi ìka kan tọ́ka sí i fún Bàbá. Wáyà wọlé, àwòrán yọ, Bàbá sì pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ. Injinnia pòṣé. Ó kọjá sí kíṣínì, ó bu omi mu, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ò gbẹ ẹ́.

Injinnia kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, rẹ́díò ilé wọn dákẹ́, àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò rí ohun tó ṣe é. Ọmọ yìí ló ṣí ìdí rẹ̀, tó rí i pé wọ́n ti ki bátìrì bọ̀ ọ́ sódì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ Bàbá gbé e sókè, ó pè é ní Injinnia, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nínú ilé, òun ni wọ́n ń pè sí i. Bí àwòrán bá sọnù nínú fóònù ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Injinnia. Bí ẹ̀rọ bá gbé bébà mì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Bàbá, Injinnia. Ọmọ náà tiẹ̀ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé ọ̀hún á wó lọ́jọ́ tí òun ò bá sí níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Rọra dé. Ọmọ àbúrò Bàbá ni. Iṣẹ́ gbé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ní kó dúró sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ títí tó fi máa parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹgbẹ́ ni òun àti Injinnia, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Wọ́n ń pè é ní Rọra torí pé bí iná tiẹ̀ ń jó etí aṣọ rẹ̀, á kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká rọra.” Ó mọ kọ̀ǹpútà ju Injinnia lọ, kì í sì í fọ́nnu. Ká ní ó ń fọ́nnu ni, Injinnia ìbá rí ohun tí á fi bú u. Èyí gan-an ló ń bí i nínú jù.

Iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ayàwòrán ni bàbá tó bí Bàbá, ó sì fi kámẹ́rà gba fídíò ẹbí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún páálí ńlá kan, wọ́n sì ti ń hu funfun. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Àgbà, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìgbàgbé ti ń dà á láàmú. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń wá jígí ojú rẹ̀ kiri nígbà tí jígí wà lójú rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń wá?” Ẹ̀rín tán nílé. Dókítà sọ fún wọn pé ohun tó bá ti lọ nínú ìrántí rẹ̀ kò ní padà mọ́. Bàbá wá ní àfi kí wọ́n kó àwọn fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà kíákíá, kí Màmá lè máa wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún? Rọra. Ó ní ó ti ṣe irú rẹ̀ rí nílé bàbá rẹ̀.

“Injinnia náà á máa ràn ọ́ lọ́wọ́,” ni Bàbá wí.

Ràn án lọ́wọ́! Òun, Injinnia! Ara ọmọ náà gbóná bí ẹni tí ibà mú, ó sì fajú ro títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jókòó ti tábìlì oúnjẹ, Bàbá sì béèrè irú fáìlì tí wọ́n á fi tọ́jú fídíò náà. Rọra gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ fi wé àpótí, Bàbá. Èyí tí wọ́n ń pè ní MP4, gbogbo fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní MKV, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan kì í lè ṣí i, àmọ́ ó gba ẹrù gan-an. Òun ni mo fẹ́ lò.”

“MP4 ló dáa jù,” ni Injinnia já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Gbogbo ayé ló ń lò ó. Kí lèèyàn fẹ́ fi fáìlì tí tẹlifíṣọ̀n ò lè ṣí ṣe?”

“Òótọ́ lo sọ,” ni Rọra dáhùn. “Fún wíwò, MP4 tó. Fún títọ́jú, MKV ni mo fẹ́, torí pé nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un. Jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ…”

Injinnia ti ki íápíìsì bọ etí méjèèjì. Ó yí orin sókè, ó ń mi orí síwá sẹ́yìn, ó ń wo ẹnu Rọra bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́ àlàyé náà délẹ̀, ó sì wù wọ́n. Wọ́n rò pé ọmọ àwọn náà gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé, Rọra á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká àti máíkì kékeré kan, á wọ yàrá Màmá Àgbà, á sì pa ilẹ̀kùn dé. Injinnia á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti pálọ̀. Ẹ̀rín Màmá Àgbà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́! Kí ni wọ́n ń sọ? Ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín? Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn láìkànkùn. Rọra gbé ìka lé ètè pé kó dákẹ́.

“A ń gba ohùn…” ni Rọra sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Ẹ máa gbà á lọ!” Injinnia gbá ilẹ̀kùn náà dé débi pé ògiri mì.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Injinnia gbé tíì lọ fún Màmá Àgbà. Ìyá àgbàlagbà náà gba ife, ó dúpẹ́, ó wá wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ọmọ ta ni ẹ́, ọmọ dáadáa?”

“Èmi ni, Màmá. Injinnia yín ni.”

“Ẹn-ẹ́n.” Ó mi orí bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àlejò. “Rọra dà? Bá mi pe Rọra.”

Ó rántí Rọra! Rọra tó dé láìpẹ́ yìí! Injinnia tí ìyá yìí pọ̀n dàgbà, òun ló wá di ẹni tí wọ́n ń bi pé ọmọ ta ni. Ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó sunkún, ó bọ́jú, ó sì jáde tìbínú-tìbínú. Kò bínú sí àìsàn o. Rọra ló ń bínú sí.

Iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì parí nígbà tó yá. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń lu àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ èyí tó gbẹ̀yìn já, òun náà sì dákẹ́ pátápátá. Gbogbo fídíò wá wà nínú háàdì, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kó fáìlì pamọ́ sí. Bàbá so háàdì náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n tẹ̀rín-tẹ̀rín. Tẹlifíṣọ̀n kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú gbangba pé òun ò lè ṣí irú fáìlì yìí.

“Ṣé ẹ rí i?” Inú Injinnia dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra. “Ṣebí mo sọ ọ́!”

“Kì í ṣe ìṣòro,” ni Rọra dáhùn. “Tá a bá ti ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tán, màá ṣe ẹ̀dà kékeré fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣáà má jẹ́ ká pa àwọn ńlá rẹ́.”

“Háàdì ti kún,” ni Bàbá sọ. “Mi ò ríbi kó iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi sí mọ́.”

“Ẹ jẹ́ ká rọra, Bàbá. A lè ra òmíràn.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́, Rọra sì lọ síbi tí wọ́n ti ń múra ìdánwò sílẹ̀. Ó yẹ kí Injinnia náà lọ, àmọ́ ó ní inú ń run òun. Bí Rọra ṣe yí kọ́nà tán báyìí, inú rírun náà lọ, ọmọ wa jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ti wá ètò kan tó ń sọ MKV di MP4. Ó kó gbogbo fídíò náà sínú rẹ̀, ó yan ìwọ̀n tó kéré jù, ó ń wo bó ṣe ń lọ. Nígbà tó tán, ó ṣí méjì wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ṣí wẹ́rẹ́. Bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, ariwo wọn ń dún ketekete. Kí ni wọ́n tún fẹ́?

Kọ̀ǹpútà wá bi í bóyá kí òun pa àwọn fáìlì ńlá rẹ́. Ọwọ́ Injinnia dúró. Ó rántí ohun tí Rọra sọ, ó sì mọ̀ pé Rọra kì í ṣe ẹni tó ń ṣàdédé sọ̀rọ̀. Ó lè dúró kó béèrè. Kò sí nǹkan tó ń lé e. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Màmá Àgbà ti ké láti yàrá.

“Rọra! Rọra, ọmọ mi!”

Injinnia tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò fi mọ síbẹ̀, ó tún lọ síbi tí kọ̀ǹpútà ń da fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ sí, ó gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ féfé. Lẹ́yìn náà ló tó dìde lọ dá Màmá Àgbà lóhùn.

Nígbà tí Bàbá dé, tó rí i pé tẹlifíṣọ̀n ń ṣí fídíò, tí háàdì sì ti ní àyè, ó kó iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀. Kò béèrè bí àyè ṣe dé. “Injinnia mi! Injinnia tòótọ́!” Ẹsẹ̀ ọmọ náà ò kanlẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn kó ara jọ sí pálọ̀. Ìyá ti dé, Rọra náà ti dé, wọ́n sì mú Màmá Àgbà jókòó sórí àga tó rọ̀ jù. Ọkùnrin gíga kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ọmọ lé èjìká.

“Ta nìyẹn?” ni Màmá Àgbà béèrè.

“Bàbá wa ni, Màmá,” ni Bàbá dáhùn. “Ọkọ yín ni.”

“Irọ́ ni.” Ojú ìyá náà ti yí padà. “Ìwọ gan-an, ta ni ẹ́? Kí lẹ kó mi wá síbí fún?” Ó ń gbìyànjú àtidìde. “Ẹ pe obìnrin yẹn fún mi. Obìnrin tó mọ gbogbo wa. Òun kì í parọ́ fún mi.”

“Rọra, tètè yí i sí ohùn kejì,” ni Bàbá wí.

Injinnia ń wò wọ́n lójú. Obìnrin wo? Ohùn kejì wo?

Rọra gba rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó ṣí fídíò mìíràn, ó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ náà. Ó wá yíjú sí Injinnia.

“Àwọn ńlá yẹn dà?”

“Mo ti pa wọ́n rẹ́. Wọ́n kàn ń jẹ àyè lásán.”

Rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ìyá Injinnia ti di Màmá Àgbà mú, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣùgbọ́n Màmá ń tì í dànù, ó ń ké pe obìnrin yẹn.

“Ohùn Màmá ló wà nínú wọn,” ni Rọra sọ. “MKV gba ohùn méjì sórí àwòrán kan. Ọ̀kan ni ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì. Èkejì lèyí tá a ń gbà ní yàrá, mi ò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí orí Màmá bá ṣí díẹ̀ lọ́sàn-án, àwa méjèèjì á jọ wo fídíò, wọ́n á máa sọ ẹni tí oníkálukú jẹ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wá ń ṣí i fún wọn lórí kọ̀ǹpútà báyìí tí wọn ò rántí mọ́. Wọn ò mọ̀ pé ohùn àwọn ni. Wọ́n ń pè é ní obìnrin tó mọ gbogbo wa, ọkàn wọn sì máa ń balẹ̀. Ètò tó o lò yẹn, ohùn àkọ́kọ́ nìkan ló ń mú.”

Injinnia wo Bàbá, Bàbá ò wò ó. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé háàdì náà lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí wọ́n kó sí i ti jókòó lé ibi tí àwọn fáìlì náà wà, kò sí ohun tí òun lè rí yọ. Bàbá ò lu Injinnia, kò sì bú u. Ó kàn ṣíwọ́ pípè é ní Injinnia ni. “Ìwọ,” ló ń pè é. Ì bá sàn fún ọmọ náà ká ní ó lù ú.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Injinnia tó lè wọ yàrá tí òun àti Rọra jọ ń sùn nígbà tí Rọra wà níbẹ̀. Rọra ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Mi ò mọ̀ pé ohùn Màmá wà níbẹ̀,” ni Injinnia bẹ̀rẹ̀.

“Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́.” Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. “Mò ń jowú ẹ ni. Kò sóhun méjì. Ìwọ ni gbogbo wọn ń pè sí nǹkan. Màmá gan-an, ìwọ ni wọ́n rántí, wọn ò rántí mi.”

Rọra fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń wọlé tọ̀ wọ́n, ìdí tórúkọ mi fi ń wá sẹ́nu wọn nìyẹn. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ pẹ́ jù nínú gbogbo fídíò yẹn? Ibi tó o ti ń rákò lọ fa wáyà fáànù. Mo ní, ‘Màmá, ta lọmọ yìí?’ Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, ‘Ọmọ mi nìyẹn. Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Bí mo bá gbàgbé gbogbo èèyàn tán, ẹ fi èyí hàn mí.’ Lọ́jọ́ tó o ṣílẹ̀kùn yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ ni wọ́n ń sọ.”

Gbogbo ohun tí Injinnia ti ń jowú lé lórí, tiẹ̀ ni. Ó wà níbẹ̀, wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ dè é. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa á rẹ́, kò sì síbi kankan láyé tó lè lọ gbọ́ ọ mọ́.

“Tún un sọ,” ni Injinnia wí. “Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.”

Rọra tún un sọ. Ó gbìyànjú, àmọ́ ohùn Rọra ni, kì í ṣe ti Màmá Àgbà.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló ń pa ilẹ̀kùn dé lọ́sàn-án. Rọra á máa rántí ohun tí Màmá ti sọ nípa fídíò kọ̀ọ̀kan, Injinnia á máa sọ ọ́ sínú máíkì. Níbi tí Rọra bá ti gbàgbé, kò sẹ́ni tó lè bá wọn rántí, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu Rọra wá di ẹni tó ń fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ èsì ìdánwò. Nígbà tí wọ́n ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ tán, wọ́n gbé e lọ fún Màmá Àgbà. Ìyá náà tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá mi orí.

“Eléyìí náà ń gbìyànjú. Àmọ́ obìnrin yẹn ńkọ́?”

Injinnia ló dáhùn.

“Wọn ò sí mọ́, Màmá. Èmi ni mo lé wọn lọ.”

“Ó ṣe jẹ́? Kí ló fi ṣe ẹ́?”

“Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Owú ni. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ẹlòmíràn jù mí lọ, ni mo bá di etí mi sí ẹni tí ì bá sọ òótọ́ fún mi. Ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gba nǹkan mi.”

Ohun tí owú ṣe fún ọmọ yìí nìyẹn, ohun tó sì ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá gbà á láyè nìyẹn: kì í jẹ́ kéèyàn béèrè, kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́, ohun tí èèyàn bá sì fi ìbínú bà jẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣeé tún ṣe.

Àánú ọmọ tó jókòó síwájú Màmá Àgbà ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

“Obìnrin dáadáa ni o. Lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà wá.”

Injinnia kúnlẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá àgbàlagbà náà méjèèjì mú, ó gbé ojú rẹ̀ lé e, ó sì ń sunkún.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí.”

“Rárá o, ọmọ dáadáa,” ni Màmá Àgbà wí, ó ń fọwọ́ pa á lórí. “Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀. Obìnrin yẹn ni.”